Èbù Iṣu Inú Igbó Ìjọba

Àkànmú jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń di ògùṣọ̀. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni, ọyẹ́ sì mú débi pé èèyàn ò rí igi tó wà lẹ́yìn ilé kejì. Ó to koríko bẹẹrẹ gbígbẹ sílẹ̀ ní gígùn, ó fi ìdì koríko tútù kékeré kan sí àárín rẹ̀, ó ká a, ó sì fi ìko dì í ní ibi mẹ́rin. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń di koríko gbígbẹ nìkan. Tiwọn a jó tán kí wọ́n tó rin ogún ìṣísẹ̀. Ti Àkànmú kì í jó bẹ́ẹ̀. Tútù tó wà nínú rẹ̀ ló ń fa iná sẹ́yìn, tí yóò fi máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí arúgbó tó ń jẹ obì. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Odindi ọdún kan ló fi ń dì í tó ń tú u kó tó mọ ìwọ̀n tútù tó yẹ.

Iṣẹ́ ìjọba niṣẹ́ náà. Bí ọyẹ́ bá ti wọlé, àwọn gáàdì igbó a gba ọkùnrin méje láti àwọn abúlé ẹ̀bá Idigny, wọn a sì máa lò wọ́n títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀. Wọ́n ń ṣán ààlà igbó, wọ́n ń kó ẹrẹ̀ kúrò nínú ọ̀gọ̀dọ̀ tí àwọn ẹranko ti ń mumi, wọ́n sì ń sun koríko lásìkò tí kò tíì gbẹ tán, kí iná lè lá koríko nìkan kó má pa igi. Bí ọjọ́ mẹ́wàá bá fi máa pé, koríko tuntun a ti yọ fún ìrá àti àgbọ̀nrín. Àkànmú fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi tí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni nínú agboolé, nítorí pé oko bàbá rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ tí wọ́n pààlà sí.

Ó di ògùṣọ̀ kẹfà tán. Ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀, àyà rẹ̀ ni kò balẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná ni Désiré, gáàdì igbó, pe àwọn méjèèje jọ. "Ọ̀la ni," ó ní. "Ọ̀gá òyìnbó ń bọ̀ láti Kétu lọ́túnla, ó fẹ́ rí i pé a ti sun ún. Ẹ má sọ fún ẹnì kankan. Lọ́dún tó kọjá ẹ sọ fún wọn, àwọn ọdẹ bá lọ dúró sétí igbó, wọ́n ń yìnbọn pa ohun tó ń sá fún iná. Lọ́dún yìí, ẹni tó bá sọ ọ́ ni n óò kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Kétu."

Bẹ́ẹ̀ rèé, gbogbo ilẹ̀ náà ló mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ sun igbó gbọ́dọ̀ ké iná. Ọjọ́ mẹ́ta ni yóò fi rìn láti agboolé dé agboolé, yóò máa wí pé, "Mo fẹ́ dáná o, kí ẹni tó ní nǹkan nínú igbó lọ kó o." Ẹni tó ní afárá oyin a lọ gbé e, ẹni tó ní igi ìdáná a lọ rù ú. Àkànmú ti ké iná rí. Bàbá rẹ̀ ké e. Kò sí irú rẹ̀ rí pé kí ilé dákẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ iná.

Ohun tó wúwo jù nìyí: ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn ni Àkànmú, níbi tó ti ń wo ìdúró koríko, ṣèèṣì bọ́ sí ẹ̀yìn pápá kan nínú igbó ìjọba, tó rí àká iṣu. Igi tútù ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n sì da koríko bò ó. Èbù ló kún inú rẹ̀, èbù tí wọn yóò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n so wọ́n mọ́ igi ní ìtò-ìtò. Kò béèrè ẹni tó ni ín. Ó wo bí wọ́n ṣe so ìko: wọ́n yí i lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wá fi etí rẹ̀ há abẹ́. Rẹ̀mí, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nìkan ló ń so iṣu bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀ wọn.

Clémence, ìyàwó rẹ̀, gbé àkàsà àti ata jáde. Àkàsà mẹ́ta ló wà nínú ewé, ẹja gbígbẹ kan ṣoṣo sì wà lórí ata, wọ́n ti gé e sí méjì.

"Ṣé ẹ ti sọ fún Bàbá Wùmí?" ó bi í ní ohùn ìsàlẹ̀. Clémence nìkan ni Àkànmú sọ ohun tó rí fún.

"N óò sọ fún un báyìí."

"Ẹ tètè sọ ọ́. Kí wọ́n ṣì lè rù ú jáde."

"Wọn ò lè rù ú jáde lójúmọmọ. Désiré wà lójú ọ̀nà Òpómẹ́ta tó wọ igbó láti ìdájí. Ẹni tó bá ru iṣu jáde nínú igbó, inú ẹ̀wọ̀n Kétu ló ń rù ú lọ."

"Ẹ sáà sọ fún wọn. Orí tiwọn ló máa mọ èyí tí wọ́n máa ṣe."

Ṣàngódélé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òdìkejì. Bàbá Wùmí ni gbogbo ilé ń pè é. Ọkùnrin gíga ni, ó sì ní ohùn tó máa ń dún ju bó ti fẹ́ lọ. Láti ọjọ́ tí Àkànmú ti bá àwọn gáàdì fa okùn ààlà igbó ni kò ti bá a jẹun pọ̀ mọ́.

"Ẹrú ẹfọ̀n," ó ké sí i. "O ti jí?"

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Àwọn ọ̀gá rẹ nínú igbó ńkọ́? Ṣé ìrá ti jẹun? Ṣé àgbọ̀nrín sùn dáadáa?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ kan."

"Mo ní ṣé wọ́n ti jẹun. Ilẹ̀ bàbá mi ni wọ́n ń jẹ, ó yẹ kí n mọ̀ bóyá wọ́n yó."

Àyìsátù, aládùúgbò tó máa ń kiri àkàsà, gbé igbá rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó lè gbọ́ dáadáa. Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ló bí Clémence nínú.

"Bàbá Wùmí," ó ní, "owó orí tí wọ́n wá gbà lọ́wọ́ yín lọ́dún tó kọjá, ibo ló ti wá? Ṣé inú iṣẹ́ ẹrú ẹfọ̀n kọ́?"

Ìpápánu tó wà lọ́wọ́ Ṣàngódélé dúró láàárín àwo àti ẹnu. Kò wo Clémence, àbúrò rẹ̀ ló wò, ó sì pẹ́ lójú rẹ̀.

"Ó ti sọ ọ̀rọ̀ owó náà fún ìyàwó," ó wí. Ó rọra gbé àwo rẹ̀ sílẹ̀. "Ó dáa. Mo gbọ́." Ó mú ọkọ́ rẹ̀, ó jáde gba ẹ̀yìn ilé lọ sí oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀.

Àkànmú lè sáré tẹ̀lé e. Ọ̀nà ò jìn. Ó dúró, ògùṣọ̀ lọ́wọ́, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ò wọlé mọ́ lónìí. Èrò mìíràn sì wà nísàlẹ̀ èyí, tó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti rí àká náà. Ó mọ bí iná ṣe ń rìn. Bí òun bá ṣán ilẹ̀ yí àká yẹn ká, tí òun sì kọ́kọ́ fi iná kékeré jẹ koríko tó yí i ká, iná ńlá yóò dé ibẹ̀, kò ní rí nǹkan kan jẹ, yóò sì kọjá. Ní alẹ́, òun yóò wá sọ fún ẹ̀gbọ́n òun pé, "Mo gba àká yín là." Ẹ̀gbọ́n yóò ní kí òun wá jókòó, wọn yóò sì jọ jẹun. Ó ti rí i lọ́kàn rẹ̀ tán, títí dé orí ọbẹ̀ tí wọn yóò jẹ.

"Àkànmú," Àyìsátù pè é, "òórùn iná ń bọ̀ lára rẹ. Ṣé òní ni?"

"Rárá. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ó dáa, kí n lè sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n lọ tú ẹbìtì wọn. Mi ò sọ pé wọ́n ní ẹbìtì o."

"Mi ò gbọ́."

"Ọkùnrin dáadáa ni ọ́." Ó gbé igbá rẹ̀ lérí, ó ń rẹ́rìn-ín lọ.

Àkànmú yí padà, ó rí Rẹ̀mí lẹ́yìn rẹ̀, korobá omi lọ́wọ́. Àkànmú ò ju ọmọ kékeré lọ nígbà tí Rẹ̀mí wọ ilé náà gẹ́gẹ́ bí ìyàwó. Gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé, kò pè é lórúkọ rí. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ló sọ ọ́, torí pé ọmọ náà yọ ẹ̀gún kan lẹ́sẹ̀ ìyàwó lọ́sẹ̀ tó kọ́kọ́ dé, tí kò mọ ìgbà tí ẹ̀gún náà jáde.

"Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀," ó ní, "ṣé lóòótọ́ ni pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀?"

Àkànmú wo ojú rẹ̀. Ojú tó ń ṣírò ni: ẹrù mélòó ni, ọjọ́ mélòó ló kù, ọ̀nà wo ni gáàdì ò ní sí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," Àkànmú wí.

"Ẹ ṣeun," ni Rẹ̀mí fi dá a lóhùn.

Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, Àkànmú sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun ń lọ wo afẹ́fẹ́. Wọn ò bi í ní nǹkan kan. Ó máa ń lọ wo afẹ́fẹ́.

Ó ṣiṣẹ́ lẹ́bàá àká náà bí ẹni tí wọ́n ń fi pàṣán lé. Àdá rẹ̀ mú. Ó kọ́kọ́ ṣán ọ̀nà tóóró kan yí àká ká, ó gbá koríko rẹ̀ sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ ro ilẹ̀ kó má bàa sí ẹyọ gbòǹgbò kan tí iná lè gba inú rẹ̀ yọ́ kọjá. Ó wá tanná sí etí òde ọ̀nà náà. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá ló ti bẹ̀rẹ̀, kí iná lè máa fi ẹ̀yìn rìn lọ lójú afẹ́fẹ́. Iná tó ń fi ẹ̀yìn rìn kì í ga ju orúnkún lọ. Ó mú ẹ̀ka tútù, ó ń tẹ̀lé e, ó ń pa á níbi tó bá ti fẹ́ ṣe orí kunkun. Ó ń yí i ká díẹ̀díẹ̀. Èéfín rẹ̀ wọnú ọyẹ́, kò sẹ́ni tó lè yà á sọ́tọ̀ lọ́nà jíjìn.

Nígbà tó parí, ilẹ̀ dúdú tó fẹ̀ tó ogún ìṣísẹ̀ yí àká náà ká rìbìtì. Ó rìn yí i po lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ibi tó wọ́. Inú rẹ̀ dùn, ìtìjú ìdùnnú náà sì mú un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé koríko tó bo èbù: ó tutù.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ ti rọ̀, Désiré gbọ́wọ́ sókè, àwọn méjèèje sì tanná lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́bàá ààlà. Koríko dún bí òjò tó bọ́ sórí páànù. Àwọn àwòdì ti dé kí èéfín tó ga, wọ́n ń gba tata mú lójú afẹ́fẹ́. Àgbọ̀nrín mẹ́ta bẹ́ jáde, wọ́n gba ìhà ọ̀gọ̀dọ̀ lọ, kò sì sí ọdẹ kankan tó ń dúró dè wọ́n. Désiré rẹ́rìn-ín sí i. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni Désiré, ó fẹ́ràn kí nǹkan lọ bó ṣe wà nínú ìwé.

"Ṣé ẹ rí i?" ó ní. "Ohun tí ìdákẹ́ ń ṣe nìyẹn."

Iná jẹ gbogbo pápá náà, ó lá ẹsẹ̀ àwọn igi èmì, kò gun èyíkéyìí. Kí oòrùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ti dé ọ̀gọ̀dọ̀, ó sì ti kú síbẹ̀. Wọn ò tíì ṣe iṣẹ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Désiré gun òkìtì ọ̀gán kan kó lè rí gbogbo rẹ̀. Ó wo ọ̀tún. Ó wo òsì. Ó dúró.

"Kí nìyẹn?"

Àkànmú gbójú sókè. Ó ti ro iná láti orí dé ẹsẹ̀. Kò ro ojú èèyàn. Lọ́sàn-án, koríko tó ga ju èèyàn lọ ló bo àká náà. Ní báyìí tí iná ti kó gbogbo koríko lọ, kò sí nǹkan kan lórí ilẹ̀ dúdú náà bí kò ṣe igi gbòòrò àti àká ẹyọ kan, ó dúró gbangba láàárín pápá bí fìlà tí ẹnì kan gbàgbé sórí ẹní.

Wọ́n rìn lọ síbẹ̀. Désiré yí àká ká, ó fi bàtà tọ ilẹ̀ tóóró tí wọ́n ro. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo bí koríko ṣe jó.

"Ẹnì kan ti sun ibí kí a tó dé. Ó sì sun ún láti inú lọ sí òde." Ó yíjú sí àwọn ọkùnrin méje náà. "Ẹni tó ṣe èyí mọ iná. Ó sì mọ̀ pé òní ni. Ta ni nínú yín?"

Àwọn mẹ́fà ò wo Àkànmú. Bí wọn kò ṣe wò ó yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ burú ju kí wọ́n nawọ́ sí i lọ.

"Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan nínú yín," Désiré ní, "òun àti ẹni tó ni iṣu ni yóò jọ lọ sí Kétu."

Àkànmú la ẹnu. Ó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò kọ́kọ́ sọ nígbà tó gbọ́ ìṣísẹ̀ lórí eérú. Ṣàngódélé ló ń bọ̀. Ó ti rí èéfín láti oko ẹ̀gẹ́, ó sì ti sáré, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ó rí àká. Ó rí ilẹ̀ dúdú tó yí i ká rìbìtì, tí kò wọ́ níbì kankan. Ó wo àbúrò rẹ̀, ó wo eérú tó bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún, ó sì ti mọ̀.

"Èmi ni mo ni iṣu," ó wí.

"Ta ló ṣán ilẹ̀ yí i ká?"

"Èmi ni."

"Ìwọ nìkan?"

"Ta ló tún fẹ́ bá mi ṣán an?"

Désiré wo ọkọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí amọ̀ pupa oko ẹ̀gẹ́ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹnì kan ṣáà ni ìwé rẹ̀ ń fẹ́.

"O mọ iná ju àwọn èèyàn mi lọ," ó ní. "Ó ṣe ni láàánú."

Àkànmú ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Àyè ṣí sílẹ̀ tó gbòòrò tó ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ẹrù fún un láti sọ̀rọ̀, ó sì dúró síbẹ̀ títí àyè náà fi pa dé.

Wọ́n tú èbù náà sílẹ̀. Désiré ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú mẹ́ta, kí wọ́n ru ìyókù lọ sí ilé gáàdì. Lẹ́yìn náà ó nawọ́ sí àká tó ti ṣófo. "Àkànmú, ìwọ tí ògùṣọ̀ rẹ kì í kú. Sun ún."

Ògùṣọ̀ kan ṣoṣo ló kù. Ó sun ún. Ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá ló ti bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ti yẹ, àká náà sì jó mọ́ láìfi ẹyọ igi kan sílẹ̀. Ìgbà tó fi yíjú padà, wọ́n ti mú Ṣàngódélé dé ojú ọ̀nà Òpómẹ́ta, Désiré níwájú, òun lẹ́yìn, kò sì bojú wẹ̀yìn. Kí Désiré tó mú un lọ, ó ti ya ìwé kan fún Àkànmú: bí ọyẹ́ bá tún dé, Àkànmú ni yóò jẹ́ olórí àwọn tó ń dáná.

Ojú ọ̀run ṣì pọ́n nígbà tó dé ilé. Ọ̀rọ̀ ti ṣáájú rẹ̀. Àyìsátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, igbá rẹ̀ ti ṣófo, kò sì dá àpárá kankan. Ó kàn yẹra fún un kó kọjá.

Clémence wo iṣu mẹ́ta tó wà lápá rẹ̀. Ìko Rẹ̀mí ṣì wà lára wọn. Ó gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé wọn sọdá àgbàlá lọ bá Rẹ̀mí, ó kúnlẹ̀, ó tò wọ́n síwájú rẹ̀. Àkànmú tẹ̀lé e, kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Rẹ̀mí mú ọ̀kan, ó fi èékánná ha orí rẹ̀. Oje funfun yọ. Ó ha ìkejì, ó ha ìkẹta.

"Wọ́n yè," ó ní. "Iná ò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá."

Ó gbé ojú sókè sí i.

"Àkànmú," ó wí, orúkọ náà sì dún lẹ́nu rẹ̀ bí orúkọ ẹni tí kò mọ̀ rí. "Mo bi ọ́ láàárọ̀ yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O ò ké iná."

Rẹ̀mí fa iṣu méjì mọ́ra. Ó ti ìkẹta síwájú rẹ̀ lórí ilẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kan ẹsẹ̀ Àkànmú tó kún fún eérú.

"Ẹni tó bá bá wa ṣán ilẹ̀, a máa ń fún un níṣu," ó wí. "Mú tìrẹ."